Àgbàdo Abẹ́ Fèrèsé

Ẹnìkan ti fi ọwọ́ kan àgbàdo náà.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúró ti agolo ńlá náà pẹ̀lú ìdérí lọ́wọ́, kò sì tètè mí. Nígbà tí ó ṣí i kẹ́yìn, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ eérú orí rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tẹ́ ibùsùn. Ní báyìí, kòtò kan wà láàrin eérú náà, kòtò kékeré tí kò ju ìkúùkù obìnrin lọ.

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Àgádágodo rẹ̀ wà níbẹ̀ bí ó ṣe fi í sí. Ó wo ilẹ̀, kò rí ipa ẹsẹ̀. Ó wo aṣọ ìyàwó rẹ̀ tí ó ṣì wà lórí okùn nínú yàrá ẹ̀yìn náà, àti sálúbàtà rẹ̀ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé ẹni tó ni wọ́n kàn bọ́ sẹ́yìn ilé ni. Ó dé agolo náà padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń ṣọ́ olè kì í súfèé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ olùtọ́jú ilé ẹrù ní iléeṣẹ́ òwú, kí iléeṣẹ́ náà tó kógbá sílé tí ó sì gba oko lọ. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tí ó ń so mọ́ bẹ́líìtì nígbà náà kò kúrò níbẹ̀ títí di òní. Ibi tí ó bá ń gbà bọ̀, etí ni wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé, bí ó bá ṣeé ṣe ni, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ìbá fi àgádágodo ti ebè.

Àgbàdo inú agolo náà kì í ṣe àgbàdo tí ènìyàn ń rà lọ́jà. Funfun ni, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀yìn hóró kọ̀ọ̀kan kọjá. Bí òjò bá dá, tí ewé àgbàdo ẹlòmíràn bá ká jọ bí ìwé tí iná rà, tirẹ̀ á dúró. Èèpo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí tí kòkòrò kì í fi í ráyè wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń ṣa irúgbìn rẹ̀ lọ́dọọdún. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, a yí hóró sí oòrùn, a ju èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn sínú agbọ̀n, a sì fi eérú gbígbẹ po ìyókù. Lójú ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ náà kò lè parí láé. Ó parí ní ìkórè tó kọjá, nígbà tí àìsàn gbé obìnrin náà lọ ilé ìwòsàn tí kò sì dá a padà.

Ìlérí kan ṣoṣo ni obìnrin náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. "Má ti fèrèsé ẹ̀yìn," ó ní. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rò pé ooru ni. Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn móoru lóòótọ́. Ó ṣèlérí, kò sì tì í. Nínú gbogbo ilé náà, fèrèsé yẹn nìkan ni kò ní nǹkan kan tí a fi há a. Agolo náà wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, níbi tí ìyàwó rẹ̀ gbé e sí. Kò gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo mìíràn tí ó ní irú àgbàdo náà ni Ìyá Káfíńtà, opó tí ilé rẹ̀ àti oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Nígbà tí iná jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, tí kò kù fún un ju aṣọ ara rẹ̀ lọ, ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wọn irúgbìn fún un láìbi ọkọ rẹ̀ léèrè. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bínú lọ́jọ́ náà. "Irúgbìn ilé mi kò gbọdọ̀ jáde mọ́," ni ó sọ. Ìyàwó rẹ̀ dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ rò pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà.

Nítorí náà, kò fura sí Ìyá Káfíńtà. Ta ni í jí ohun tí ó ní nílé?

Ẹni tí ó fura sí ni Dókítà Ilẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fún ọmọbìnrin náà lórúkọ yẹn, nítorí ọ̀pá irin kan tí ó máa ń tì bọ ilẹ̀ bí ẹni gún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Ọ́fíìsì àgbẹ̀ ni ó rán an wá. Ó ti wá sílé Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rí, ó mu omi, ó yin àgbàdo náà, ó sì béèrè ohun tí kò yẹ kí àlejò béèrè: "Bàbá, ibo lẹ ń tọ́jú irúgbìn yín sí?"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kòtò yọ nínú eérú agolo.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn wọn, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jókòó sí ibi tí ó ti lè rí ọwọ́ Dókítà Ilẹ̀ dáadáa. Fáànù òkè ń yí, ó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọmọbìnrin náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Láti ìgbà òjò tó ń bọ̀," ó ní, "omi páìpù ìjọba yóò máa wọ oko yín fúnra rẹ̀. Ọ̀pá yìí ni yóò máa sọ fún un pé ilẹ̀ ti gbẹ."

"Ṣé yóò máa sọ fún wa pẹ̀lú," ẹnìkan kígbe látẹ̀yìn, "bí ìyàwó bá ń bínú?"

"Tìẹ ò nílò ọ̀pá," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Dókítà Ilẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì mú ojú le díẹ̀. "Ṣùgbọ́n oko tí irúgbìn rẹ̀ bá ti wọ ìwé ìjọba nìkan ni omi yóò dé. Irúgbìn ayédèrú ti kún ọjà. Ìjọba ò fẹ́ fi omi ṣòfò lórí ohun tí kò ní so."

"Èyí tí a jogún ńkọ́?" àgbàlagbà kan béèrè.

"Ẹ mú abọ́ kan wá. A óò gbìn díẹ̀ wò, a óò kọ ọ́ sílẹ̀, a óò sì kó ìyókù sínú yàrá tútù wa. Bí ogun tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ bá jẹ ti ilé yín, ẹ óò rí i gbà padà."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dìde. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dún. "Ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tútù náà wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Kò ní kọ́kọ́rọ́, Bàbá. Nọ́ńbà la fi ń ṣí i."

"Ta ló mọ nọ́ńbà?"

"Àwa mẹ́ta péré ní ọ́fíìsì."

"Ohun tí ẹni mẹ́ta bá mọ̀, ọjà ti mọ̀ ọ́n." Kò dúró kí ẹ̀rín tán. "Ọmọ mi, mo tọ́jú ilé ẹrù rí. Mo ti rí ẹrù tó wọlé lórúkọ ẹnìkan tó sì jáde lórúkọ ẹlòmíràn. Bí iléeṣẹ́ ńlá kan bá bá yín dúnàádúrà lọ́la, tí wọ́n kó àgbàdo mi sínú àpò aláràbarà, ṣé èmi náà ni n óò máa tò láti rà á?"

Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀," Dókítà Ilẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ó ti dúró díẹ̀ kí ó tó sọ ọ́.

"Òfin," Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tún un sọ, bí ẹni tó tọ́ oúnjẹ wò tí kò fẹ́ gbé e mì.

"Ọkọ ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó," Ìyá Káfíńtà ké sí i láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Kọ́kọ́rọ́ yín ti ń ráhùn jù yín lọ."

Ó jókòó. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí ó fẹ́ rí. Ọmọ náà dúró díẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Lọ́sẹ̀ kan náà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wá kí i. Aránṣọ ni, okùn ìwọnṣọ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn, àní bí ó bá ń lọ ibi ìsìnkú. Ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́, ó yí ọ̀rọ̀ ká títí ó fi dé ibi tí ó ń lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú abọ́ àgbàdo Màmá kan lọ sí ọ́fíìsì àgbẹ̀."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Dókítà Ilẹ̀ wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ló kan ọ̀rọ̀."

"O ń ránṣọ fún un?"

"Ṣé ìhòòhò ni kí ó máa rìn ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Nínú orí rẹ̀, ohun méjì tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀: ọmọ tó mọ ilé tinú tòde, àti àlejò tó ń béèrè ibi tí irúgbìn wà. "Ìwọ lo wọ inú agolo yẹn," ó ní.

"Agolo wo?"

"Má bi mí pé agolo wo. Mo rí ojú ọwọ́."

Ọmọbìnrin náà gbé abọ́ tí ó ń nù sílẹ̀. "Bàbá, n kò mú hóró kan níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí àgbà wí: ẹni tí wọ́n bá ti pè lólè, kì í gbé ọmọ ẹran jó. Ẹ ti pè mí. Ó tán."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jáde lọ síwájú ilé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó dojú kọ òpópónà. Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí ó jáde, gèlè ìyá rẹ̀ aláwọ̀ aró wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ká a jọ, ó sì dì í mọ́ra. Ó kí i pé ó dàbọ̀, kò wojú rẹ̀. Kí ni bàbá lè sọ bí ọmọ bá mú gèlè ìyá rẹ̀?

Nígbà tí ó lọ tán ni ó ronú ohun tí yóò ṣe. Bí ó bá pààrọ̀ àgádágodo, olè á kàn mọ̀ pé wọ́n ti fura sí òun. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni orúkọ. Lójú rẹ̀, ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá jí irúgbìn, yóò gbìn ín, bí irúgbìn bá ti kú, oko olè yóò fi olè hàn.

Ó kó àgbàdo inú agolo náà jáde. Ó wọn ìdá kan, ó gbé ìkòkò irin kaná, ó sì ń yan án díẹ̀díẹ̀ lórí iná tí kò le. Kò jẹ́ kí ó yí àwọ̀ padà, ó kàn jẹ́ kí ooru wọ inú rẹ̀ dé ìdí. Nígbà tí ó tutù, ìlà pupa náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ṣe wà. Ó fi eérú pò ó, ó dà á sínú agolo, ó gbé e padà sábẹ́ fèrèsé.

Ti ìyókù, èyí tó wà láàyè, ó kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kúrò nínú àpótí irin, ó dà á síbẹ̀. Àgádágodo méjì ni ó fi tì í. Ó gbé àtẹ̀gùn, ó sì gbé àpótí náà gun àjà, ó tì í wọlé dé abẹ́ páànù níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òógùn lójú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà mú. Oòrùn dúró sórí ilé wọn bí ẹni tí kò níbi tí ó ń lọ. Páànù a máa ké lọ́sàn-án. Àkọ́bí rẹ̀ kò wá. Ó rán ìyàwó àbúrò rẹ̀ láti kí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò ṣí agolo náà wò. Ó ti kẹ́ pańpẹ́. Ẹni tó bá ń yọjú wo pańpẹ́ ni ẹran ń gbóòórùn rẹ̀.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni ó ṣí i. Agolo kún bí ó ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n eérú orí rẹ̀ kì í ṣe eérú tirẹ̀. Ó dúdú díẹ̀ sí i, a sì tẹ́ ẹ dáadáa. Ó fi imú rẹ́rìn-ín. "Olè yìí mọṣẹ́," ó wí fún sálúbàtà abẹ́ tábìlì. "Ó mú, ó sì fi eérú bo ojú ibẹ̀." Ó gbé agolo náà lọ sẹ́yìn ilé, ó dà á fún adìẹ, àwọn adìẹ náà sì sáré pàdé rẹ̀ bí ẹni tí a pè síbi ìgbéyàwó.

Ó gbé àpótí irin sọ̀ kalẹ̀, ó gbin ohun tó wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, hóró kan tẹ̀lé hóró kan, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin oko ẹlòmíràn wò.

Oko àfihàn ọ́fíìsì àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó rò pé ebè gbalasa ni yóò bá. Àgbàdo ti hù níbẹ̀, ó tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀pá irin dúró láàrin rẹ̀ bí olùkọ́ láàrin ọmọléèwé. Ó yí i ká. Kò rí àlàfo kan. Inú rẹ̀ kò dùn. Ẹni tí ó ti dájọ́ kì í fẹ́ kí ẹlẹ́jọ́ jàre. Ó kọjá oko kan, ó kọjá èkejì. Gbogbo wọn ti yọ orí.

Oko tí ó kù kí ó dé tirẹ̀ ni ó bá ní gbalasa. Ebè rẹ̀ dúdú, ó mọ́, kò sí ewé kan lórí rẹ̀.

Oko Ìyá Káfíńtà ni.

Ó bá a nílé, láàrin pákó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà. Ó ń fi òkúta ilẹ̀ pọ́n ọkọ́.

"Ọkọ ọ̀rẹ́ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá jókòó sórí—"

"N kò jókòó. Àgbàdo yín ò hù."

"Mo rí i." Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Ó ń yà mí lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò lórí àpò tútù bí mo ṣe máa ń ṣe, gbogbo rẹ̀ ló sì hù."

"Ìgbà tí ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan nìyẹn. Kí n tó yan ìyókù."

Ìyá Káfíńtà wò ó. "Kí ẹ tó ṣe kí ni?"

"Mo yan án. Mo fẹ́ mọ olè tó ń wọ ilé mi. Mo ti mọ̀ ọ́n wàyí."

Obìnrin náà kò bínú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ó kàn fa pákó kan sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jókòó, bàbá yìí. Ẹsẹ̀ yín ò ní gba ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́."

Ó jókòó.

"N kò wọ ilé yín rí láìjẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀," ó ní. "Fèrèsé ni. Láti ọdún tí iná jó wa. Ìyàwó yín ló dá a sílẹ̀. Ó ní irúgbìn kò gbọdọ̀ sùn sínú ilé kan ṣoṣo, nítorí iná kì í béèrè, olè kì í béèrè. Kí òjò tó dé, èmi á mú tiyín gbìn, ẹ̀yin á gbin tèmi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni agbára irúgbìn kì í fi í rẹ̀. Ẹ ti sọ pé kò gbọdọ̀ jáde, àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀? Kò fẹ́ bá yín jà. Ló bá gbé agolo sábẹ́ fèrèsé."

"Má ti fèrèsé ẹ̀yìn," Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí.

"Ó sọ fún yín?"

"Ó sọ. N kò gbọ́ ọ yé."

Ó di ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. "Ṣé ẹ mú tiyín wá lọ́dún yìí?"

"Gbogbo rẹ̀. Mo dà á sínú agolo, mo tẹ́ eérú lé e. Mo kó tiyín lọ, mo... Kí ló dé?"

"Mo dà á fún adìẹ."

Ìyá Káfíńtà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Adìẹ yín á ti sanra," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò sì ní ẹ̀rín nínú. "Èyí tó kù ńkọ́? Ẹ ò yan gbogbo rẹ̀?"

"Ó wà nílẹ̀. Mo ti gbìn ín."

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n jọ lọ. Àgbàdo náà kò tíì yọ, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kúnlẹ̀, ó fi ìka tú ebè. Hóró náà wà níbi tí ó gbìn ín sí. Ó ti wú, kò là. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́, òórùn kíkan sì jáde. Ó tú òmíràn. Bákan náà ni.

"Ibo lẹ fi í sí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn?" Ìyá Káfíńtà béèrè.

"Àjà."

"Nínú kí ni?"

"Àpótí irin."

"Irin. Lábẹ́ páànù." Ó bá a yọ ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tún ọmọ ṣe kí ó tó wọlé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti yan apá kan lórí iná, oòrùn sì ti bá a yan ìyókù. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ṣà láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ti tán lórí ilẹ̀, láàrin ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọwọ́ tirẹ̀ náà ló sì pa á.

"Ọmọ yín ò mú díẹ̀ rí?" Ìyá Káfíńtà béèrè.

"Mo bi í. Ó ní kò mú."

"Ìgbà wo lẹ bi í?"

Ó ṣí ẹnu láti dáhùn, ó sì rí gèlè aláwọ̀ aró náà lójú ọkàn rẹ̀. Ó rí bí ọmọ náà ṣe dì í mọ́ra. Gèlè kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́bí rẹ̀ wà ní òpópónà àwọn aláṣọ, láàrin ẹni tó ń tún aago ṣe àti ẹni tó ń ta bọ́tìnnì. Ọmọ náà rí i láti òkèèrè. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ti múra ìjà sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí o mú gèlè ìyá rẹ," ó ní, "kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Nígbà tí ẹ bi mí, n kò tíì mú nǹkan kan, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run búra. Lẹ́yìn tí ẹ pè mí lólè tán ni mo wọlé tí mo mú un. Mo ní ó kúkú ti já sí bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ ṣe mí bí ẹ bá ṣe fẹ́."

"Ṣé ó wà láàyè?"

Ohùn tí ó fi béèrè kì í ṣe èyí tí ọmọ náà mọ̀. Ó wo ẹrẹ̀ tó wà lórúnkún ṣòkòtò bàbá rẹ̀. Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Ọ́fíìsì àgbẹ̀ náà ń rùn bí ọ̀dà tuntun. Dókítà Ilẹ̀ mú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ sídìí ìlẹ̀kùn funfun tó nípọn. Ó tẹ nọ́ńbà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ na ọrùn láti wo ìka rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rí i, ó sì fi ara rẹ̀ bo ibẹ̀. Inú bàbá náà dùn sí ìyẹn díẹ̀.

Òtútù inú yàrá náà wọ eyín. Láti orí pẹpẹ, Dókítà Ilẹ̀ mú àpò pélébé kan tó ń dán bí dígí. "A gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ wò," ó ní. "Ó hù gan-an. N kò tíì rí àgbàdo tó lágídí báyìí."

"Ìyá rẹ̀ náà lágídí," Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí. Ó yí àpò náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

"Màmá ni mo fẹ́ kọ," ọmọ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ní ẹni tó wà láàyè ni."

"Ẹ kọ Ìyá Káfíńtà mọ́ ọn."

Dókítà Ilẹ̀ mi orí. "Bàbá, àyè orúkọ kan ṣoṣo ló wà."

"Ẹ wá àyè kejì."

"Ẹ̀rọ ò ní gbà á."

"Ẹ wá a, ọmọ mi. Orúkọ kan dàbí ilé kan. Bí mo bá kú lọ́la, tí ẹni tó ni àpò aláràbarà bá dé, ta ni yóò bá yín jiyàn?" Kò pariwo. "N óò máa wá béèrè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bi àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ nílé ẹrù bóyá ó máa ń sú mi."

Dókítà Ilẹ̀ wo àkọ́bí Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn kàn gbé èjìká. "Kì í sú u," ó ní.

"N óò kọ̀wé sókè," Dókítà Ilẹ̀ wí.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n ó gba ìdajì ohun tó wà nínú àpò náà, ó sì fi ìdajì sílẹ̀ fún òtútù. Kò sí ohun tí ó ṣe rí tó nira fún un bí kí ó fi ìdajì yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí ó padà, kò gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Káfíńtà. Ó yí gba ẹ̀yìn ilé, ó kan fèrèsé.

"Ta nìyẹn?"

"Olè ni."

Fèrèsé ṣí. Ó na àwo kan sí i, ìpín rẹ̀ nínú irúgbìn náà. Obìnrin náà gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wo ìlà pupa náà pẹ́. "Ẹ ò ní wọlé ni?"

"Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é kọ́ nìyí?"

Ó ti pẹ́ láti gbìn, òjò ti ń lọ sópin. Ṣùgbọ́n irúgbìn náà ti wọ ìwé ìjọba, omi páìpù sì dé oko méjèèjì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò gba ọ̀pá irin náà gbọ́. Ní àràárọ̀, a máa fi igi gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó purọ́. Kò tíì bá a nídìí irọ́. Ó ṣì ń gún un.

Ìkórè kéré, ṣùgbọ́n ó tó ṣà. Òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn tí ó ń yí hóró sí oòrùn, tí àkọ́bí rẹ̀ sì ń yọ èyí tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ pé kò dára kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi eérú pò ó. Ó gbé agolo sí ààyè rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó dé e. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà pé ó tì. Fèrèsé nìkan ni kò fọwọ́ kàn.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ó ṣí agolo náà. Kòtò kan wà láàrin eérú, kò ju ìkúùkù obìnrin lọ. Ó dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ láti tẹ́ ẹ, ó sì fà á padà.

Ó dé e.